Bí Mo Ṣe Ń Fi Ìka Kàwé Lẹ́yìn Tí Ojú Mi Dà Mí

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí bá ti gbọ́ lẹ́nu dókítà pé ẹ̀jẹ̀ dí níbì kan nínú ọpọlọ òun, tó wá ń dúpẹ́ pé ọwọ́ òun ṣì ń gbé nǹkan, ẹsẹ̀ òun ń rìn, ẹnu òun ò sì wọ́, mo bá a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kó mú ìwé kan kó wò ó bóyá òun ṣì lè kà á. Èmi ò mọ̀ pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà. Nígbà tí mo mọ̀, ojú tì mí, mo fi í pamọ́ fún gbogbo ayé àyàfi ènìyàn méjì. Ohun tó ti ibi ìpamọ́ yẹn jáde dùn mí ju àìsàn náà fúnra rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí.

Ẹ́sítà ni orúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Lomé ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo lọ́kọ sí. Ọkọ mi, Bàbá Ṣọlá, ń ta àga àti tábìlì àlòkù ní ọjà Hédzranawoé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa ní Yorùbá kíkà. Faransé ni wọ́n ń kọ́ wọn níléèwé láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn òbí wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà nílé kí wọ́n máa wo Bíbélì bí ẹni ń wo ògiri. Nítorí náà, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, èmi ni mo ni wọ́n. Mo mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má bínú pé mo ń yin ara mi, kò sí ẹlòmíràn níbí tó máa bá mi ṣe é.

Mo ní ọ̀nà tèmi. Bàbá Ṣọlá máa ń bá mi gé páálí tí wọ́n fi di ọjà rẹ̀ sí káàdì pẹlẹbẹ, mo sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gàdàgbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìyá, ilé, ẹja, ọmọ. Màá gbé káàdì sókè, màá pe ọ̀rọ̀ náà, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta, lẹ́yìn náà màá gbé e pamọ́ sẹ́yìn mi. Màá ní kí wọ́n pa ojú dé kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. "Ṣé ó ti wà nínú orí yín?" Wọ́n á ní ó ti wà níbẹ̀, Tantí, bí àwọn ọmọ Lomé ṣe ń pe àǹtí. Màá bi wọ́n bó ṣe rí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ilé ní òpó gíga kan láàárín, bí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n máa tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Mo gbà pé bí ọmọ ṣe ń dá ojú ìyá rẹ̀ mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í wo imú lọ́tọ̀ kó tún wo ẹnu lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó dá ọ̀rọ̀ mọ̀.

Ara mi ni mo fi díwọ̀n wọn. Bí mo bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì, mo lè pa ojú dé kí n máa kà á lọ nínú orí mi bí ẹni pé wọ́n ṣí i sílẹ̀ níwájú mi. Mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá gbogbo ènìyàn nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Rẹ̀mí fi máa ń bí mi nínú. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ni, ìyá rẹ̀ ń ta ṣúgà àti tòmátò alágolo ní Bè-Kpota. Nígbàkígbà tí mo bá ní kí wọ́n pa ojú dé, òun nìkan ló máa ń sọ pé, "Òkùnkùn ni mo rí, Tantí." Mo ní kó wò ó dáadáa, ó ní òun ti wò ó. Mo pè é ní alágídí, mo mú un jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú níbi tí ojú mi á ti máa tó o. Èyí tó tún burú jù ni pé ó máa ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ síléètì tó gbé lé ẹsẹ̀, á máa fi ìka kọ nǹkan sórí itan rẹ̀ kó tó pe ọ̀rọ̀. Kì í ṣì í pè, àmọ́ ó máa ń pẹ́. Mo fi rúlà na ìka yẹn títí. Mo ní, "Ojú ló ń kàwé, Rẹ̀mí, kì í ṣe ìka." Kì í sunkún. Ó kàn máa ń ti ọwọ́ náà wọ inú sí i ni.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlú daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí ìjọba yí padà ní kò sí iṣẹ́, kò sí ọjà, títí wọ́n á fi gbọ́ tiwọn, ọ̀sẹ̀ sì ń gun orí ọ̀sẹ̀. Wọ́n ti ilé ìwé pa. Àwọn ọmọ ń ṣeré kiri ìgboro tí sójà ń gbé ìbọn kiri, ọkàn àwọn òbí ò sì balẹ̀. Ìjọ wa wá ní kí kíláàsì Sátidé di ojoojúmọ́, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kí a tó mọ̀, ọmọ ti kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà.

Mo pe Fẹlísíà kó wá ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ Atakpamé ni, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá nílẹ̀ Tógò, tíṣà níléèwé ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti dúró bíi ti gbogbo ènìyàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, torí Faransé nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìwé. A ta aṣọ kan sí àárín gbọ̀ngàn, òun mú àwọn kéékèèké, èmi mú àwọn tó dàgbà díẹ̀.

Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lápá òsì lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká ọ̀tún gba férémù ilẹ̀kùn. Bí mo bá jẹun tán, Bàbá Ṣọlá á bi mí pé kí ló dé tí mo fi ẹran sílẹ̀, ẹran náà á sì wà lápá ọ̀tún àwo níbi tí mi ò ti rí i. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Ta ni kò rẹ̀ ní Lomé nígbà yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo mú káàdì kan láti pe ohun tó wà lára rẹ̀, ohun tí mo rí kò jọ nǹkan kan. Ó dà bíi pé èèrà ti ẹsẹ̀ bọ tàdáwà, ó wá rìn kọjá lórí páálí. Mo mú òmíràn, bákan náà ni. Ọmọ kan ní, "Ọmọ ni, Tantí." Mo ní mo mọ̀. Mo yíjú sí pátákó, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "Ọlọ́run dára" síbẹ̀, ọwọ́ mi kò sì dúró rárá. Nígbà tí mo sún sẹ́yìn kí n kà á, mi ò mọ ohun tí mo kọ. Mo ní kí àwọn ọmọ máa kọrin, mo wá àga, mo jókòó.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Ṣọlá, kò bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó ra awò ojú àlòkù mẹ́rin bọ̀ ní kọ̀rọ̀ láti Hédzranawoé, ó ní kí n máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé wọn wọ̀ títí imú mi fi bó. Èèrà náà kàn ń tóbi sí i ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Ráhẹ́lì, wá láti àdúgbò Aflao-Gakli, ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Ó gbé omi ewé kan wá nínú ìgò, ó ní kí wọ́n máa kán an sí mi lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo kọ̀. Ó ní ṣé mo rò pé òun fẹ́ pa mí ni. Ọkọ mi wò mí bí ẹni ń bẹ̀ mí pé kí n má dójú ti òun, ni mo bá gbà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè la ojú òsì. Wọ́n tún mú mi lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, orí fífọ́ náà wá le sí i. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán ohunkóhun sí yín lójú nítorí pé ẹ ò fẹ́ kí inú ẹnì kan bàjẹ́, ẹ má sì torí ààwẹ̀ sún ọjọ́ tí ẹ máa lọ rí dókítà síwájú.

Ilé ìwòsàn náà kò rọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ìwọ̀nba àwọn tó kù ń tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò lè dúró. Takisí ṣọ̀wọ́n, alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zémidjan ni mo gùn lọ. Mo jókòó sílẹ̀ láti àárọ̀ láàárín àwọn aboyún àti àwọn tí ìbọn bà. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì fi èdè Mina sọ fún mi pé mo ń rìn, mo ń sọ̀rọ̀, kí n lọ sinmi nílé. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún dá mi padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Fẹlísíà bá mi lọ. Ó fi Faransé tíṣà bá wọn fà á títí dókítà kan fi jáde sí wa. Mi ò gbàgbé oore yẹn. Òun gan-an ló jẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dùn mí wọra.

Dókítà náà fún mi ní bírò, ó ní kí n kọ ohun tó bá wù mí. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo wò ó títí omi fi lé ròrò sí mi lójú. Ó ní ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru láti ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé mo mọ̀, ó wá dí níbì kan lẹ́yìn ọpọlọ, ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà láti ojú lọ síbi tí orí ti ń dá a mọ̀ sì ti já. Ó ní ọwọ́ mi ṣì mọ̀wé, ojú mi ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́ títí ayé, kí n sì sinmi, torí bí irú rẹ̀ bá tún ṣe mí, ó lè gbé mi lọ. Mo bi í bóyá ìwé kíkà mi máa padà, ó ní òun ò lè sọ. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi fi ra oògùn àkọ́kọ́.

Níta, lórí bẹ́ǹṣì, nígbà tí Fẹlísíà ń wá alùpùpù, mo pa ojú dé kí n wo ọ̀rọ̀ náà, ilé, nínú orí mi. Òkùnkùn. Mo wá ojú ìyá mi tó ti kú, ẹni tí mo máa ń rí kedere nígbàkígbà tí mo bá fẹ́. Òkùnkùn. Mo mọ̀ pé imú rẹ̀ gùn, mo mọ̀ pé eyín iwájú rẹ̀ kan ṣẹ́, mo lè sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan kan. Mo rántí Rẹ̀mí. Ẹ̀rù tó bà mí lórí bẹ́ǹṣì yẹn ju èyí tí dókítà dá sí mi lára lọ.

Bàbá Ṣọlá ní kí n fi kíláàsì sílẹ̀. Mo ní rárá. Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta, mo sì kọ̀. Ọmọ wa kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá tún gba àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ́wọ́ mi, kí ni màá máa jí ṣe láàárọ̀? Aláìsàn tí wọ́n ń bẹ̀ wò ni màá dà. Mo ní kí òun àti Fẹlísíà nìkan mọ̀, kó má dé etí ìjọ.

Fẹlísíà ló rí ọ̀nà àbáyọ. Kí àwọn ọmọ tó dé láàárọ̀, a máa ń jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, á to káàdì ogún sínú agolo bisikíìtì mi, á sì pè wọ́n fún mi bó ṣe tò wọ́n. Etí mi kò ṣàìsàn. Lẹ́ẹ̀mejì tó bá pè é, mo ti mọ̀ ọ́n. Inú kíláàsì, màá kàn máa fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì máa pè wọ́n bí ẹni tó ń kà wọ́n. Ní ti síléètì, mo ní kí wọ́n máa fún ara wọn máàkì, mo ní ọ̀nà tuntun ni. Oṣù méjì ló fi lọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n pa ojú dé, èmi náà máa ń pa tèmi dé. Rẹ̀mí á ní òkùnkùn ni òun rí. Mi ò nà án mọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un pé òkùnkùn lèmi náà ń rí.

Àwọn àgbà ìjọ wá fẹ́ sọ kíláàsì náà di ilé ìwé gidi, wọ́n sì fẹ́ yan olórí fún un. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé èmi ni, wọ́n kàn fẹ́ wá fi ojú ara wọn rí i kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Wọ́n dá ọjọ́ Ẹtì kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fẹlísíà pe káàdì fún mi lábẹ́ igi: òjò, ọkọ̀, iyọ̀, ẹyẹ, títí dé ogún. Mo pè é padà fún un láìṣì kan. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "C'est bon, ó dáa, Àǹtí mi. Ẹ ti mọ̀ ọ́n."

Pásítọ̀ àti àwọn àgbà mẹ́rin jókòó sórí àga tí Bàbá Ṣọlá gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo fa káàdì kìíní yọ, mo gbé e sókè, mo ní, "Òjò." Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Tantí, aṣọ ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní mò ń dán wọn wò ni. Mo gbé ìkejì sókè, mo ní, "Ọkọ̀." Wọ́n ní ẹja ni. Mo gbé ìkẹta sókè, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Pásítọ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, "Ìyá Ṣọlá, ẹ ka èyí tó wà lọ́wọ́ yín fún wa."

Mo wò ó. Èèrà. Lórí bẹ́ǹṣì iwájú, Rẹ̀mí ti mú ọwọ́ rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ síléètì. Ó ń fi ìka kọ nǹkan sórí itan rẹ̀ ní gbangba, ó ń wo káàdì náà, ó ń wò mí, ó tún ń kọ ọ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, inú sì bí mi sí i, àní nínú ìtìjú yẹn.

Mo ní, "Mi ò lè kà á."

Bàbá Ṣọlá wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó sì mú mi jáde láàárín àwọn ọmọ. Lójú ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fẹlísíà wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo bi í pé ṣé bó ṣe pè é ló ṣe tò ó. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Bí mo ṣe tò ó ni mo ṣe pè é, Àǹtí mi. Bóyá ẹ gbàgbé." Ọkọ mi ní kí n má ro ara mi pin, pé aláìsàn ni mí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbà pé ìrántí mi náà ti ń lọ. Màá dúró nínú ilé ìdáná kí n máa ka ìkòkò, kí n jáde, kí n tún wọlé wá kà wọ́n bóyá iye wọn ṣì pé. Màá máa pe orúkọ àwọn àbúrò ìyá mi láti àgbà dé kékeré. Èyí ni mi ò lè gbójú fò. Àìsàn gba ìwé lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àìsàn ò purọ́ fún mi.

Wọ́n fi Fẹlísíà ṣe olórí. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn náà tí ìbọn fi dún ní ìgboro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní Lomé, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Àwọn kan gba Gánà lọ, àwọn kan gba Benin. Ìyá Rẹ̀mí kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Cotonou. Fẹlísíà padà sí Atakpamé, ó ní kí wọ́n gbé agolo káàdì mi wá fún mi. Kíláàsì tú ká, Bàbá Ṣọlá ti ṣọ́ọ̀bù, èmi sì jókòó sílé pẹ̀lú agolo náà.

Mo ń fọ agbada lọ́jọ́ kan nígbà tí ìka Rẹ̀mí wá sí mi lọ́kàn. Kò wá bí àwòrán, mi ò ní ìyẹn mọ́. Mo kàn rántí ohun tó ń ṣe. Dókítà ní ọwọ́ mi ṣì mọ̀wé. Mo nu ọwọ́, mo mú káàdì kan láti inú agolo, mo fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ lé ìlà àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń kọ ọ́. Ó dúró ṣánṣán, ó ní àmì tóótó lórí. Ọwọ́ mi ní, i. Mo tẹ̀ lé èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ka méjì lókè, ìrù kan nísàlẹ̀. Y. Mo dé ìparí rẹ̀. Ìyá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, mo sunkún. Ọmọ yẹn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń kọ́ mi níwájú gbogbo wọn, ọ̀nà tí mo tìtorí rẹ̀ nà án.

Mi ò sọ fún Bàbá Ṣọlá. Mo fẹ́ kó mọ́ mi lọ́wọ́ kí n fi yà á lẹ́nu. Bó bá jáde láàárọ̀ lọ wá ohun tí a máa jẹ, màá da káàdì sórí tábìlì, màá máa fi ìka kà wọ́n. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó dé ìsàlẹ̀ agolo. Ibẹ̀ ni mo ti rí káàdì kan tí ìkọ̀wé rẹ̀ kéré, tó kún dé etí. Páálí kan náà ni, a sì gé e bí àwọn yòókù. Mo rò pé ẹ̀kọ́ kan ni mo kọ síbẹ̀ tí mo gbàgbé.

Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni Fẹlí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní tirẹ̀ ni. Bá mi da káàdì náà rú. Mo rò pé eré kan ni fún àwọn ọmọ. Ìka mi ti rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí àwọn àgbà bá ń bọ̀. Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo rò pé mo ṣì í. Bí ojú kò bá tì í, kò ní sinmi. Má jẹ́ kó mọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù nísàlẹ̀. Mo ka ìkíní, ó jẹ́ Bàbá. Mo dúró níbẹ̀. Bàbá pọ̀ nínú ìjọ. Mo dìde mu omi kí n tó fi ìka kan ìkejì.

Ṣọlá ni.

Wọn ò tilẹ̀ fà á ya. Wọ́n fi í sílẹ̀ nínú agolo mi, láàárín káàdì mi, lórí tábìlì tí mo ti ń jẹun. Ta ni yóò kà á?

Nígbà tí ọkọ mi wọlé lọ́sàn-án, mo ní kó jókòó. Mo gbé káàdì náà síwájú rẹ̀, mo fi ìka lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tàn. Ó ní, "Ìyá Ṣọlá, o ti ń kàwé." Ayọ̀ gidi ni, mo mọ ojú yẹn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tí mò ń kà. Mi ò yára, mi ò sì lè yára. Ó jókòó síbẹ̀ títí mo fi ka orúkọ rẹ̀ tán.

Ó ní, "Dókítà ní èkejì máa pa ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, o ò gbọ́. Mo fẹ́ kí o wà láàyè ni."

Mo ní, "Ẹ mú kí n máa rò pé orí mi ń dàrú. Ẹ rí mi tí mò ń ka ìkòkò."

Ó ní òun rí mi.

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

Mo ní ó lè bá mi jà, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ó lè lọ fi mí sun Pásítọ̀ ní kọ̀rọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ iwájú àwọn ọmọ? Ó ní òun rò pé ibẹ̀ nìkan ni ojú ti máa tì mí tó. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó mọ ènìyàn dáadáa nìkan ló lè ronú kan irú ibẹ̀.

A ò kọ ara wa. Mo dáná fún un, ó ń wá oògùn mi ra kódà nígbà tí kò sí oògùn ní gbogbo Lomé, ọdún sì gorí ọdún bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ mí títí. Mo máa ń sọ fún un pé ó ti tán, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bó bá fún mi ní ìwé kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó, màá fi ìka kà á tán lójú rẹ̀ kí n tó dáhùn. Ó máa ń dúró. Ó ti kú báyìí. Mi ò lè rí ojú rẹ̀ bí mo bá pa ojú dé, mo sì máa ń bínú sí i síbẹ̀, nínú òkùnkùn yẹn. Fẹlísíà kọ lẹ́tà kan sí mi láti Atakpamé. Mo kà á. Mi ò tíì fèsì.

Ẹ̀yin tó wà nínú irú rẹ̀, ẹ fi ìka dán an wò. Kò yá, ojú ìwé kan lè gba gbogbo àárọ̀, àmọ́ tiyín ni. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kódà bí ara bá yá. Ẹ má fi àìsàn yín pamọ́ bí mo ṣe fi tèmi pamọ́, torí ẹni tó bá ń bá yín pa àṣírí mọ́ ti di ọ̀gá yín nìyẹn. Ẹ̀yin tó sì ń tọ́jú aláìsàn, bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ẹ sọ ọ́ sí i lójú. Ẹ má purọ́ fún un nípa orí ara rẹ̀.

Ní tèmi, ara mi le. Apá ọ̀tún kò padà, mo ṣì ń gba férémù ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ mẹ́rin kan ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé, mo sì kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rí bí wọ́n bá pa ojú dé. Ẹni tó bá ní òkùnkùn, màá ní kó mú ìka rẹ̀ wá.

Rẹ̀mí ti padà sí Lomé, ó ti di ìyá ọlọ́mọ méjì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan. Nígbà tó wá kí mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tantí, mi ò rántí pé ẹ nà mí rí." Ara mi balẹ̀. Mo ní kó bá mi ka ohun tí mo kọ yìí bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀, kí n tó fi í ránṣẹ́. Ó jókòó sí tábìlì mi, ó ń kà á, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo jókòó sí òdìkejì, mò ń wò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di ìwé náà mú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì.